Koríko òkun inú serum: ṣé ó ń ṣiṣẹ́ ni àbí ariwo lásán?

Ìbéèrè tó wọlé sí mi rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra serum kan tí wọ́n kọ seaweed extract gàdàgbà síwájú ẹ̀, wọ́n ní ó ń mú ìhunjọ ojú kúrò, ó ń pa àmì dúdú rẹ́, ó sì ń tún awọ ara ṣe láti inú wá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má dán an wò o, pé iodine inú ẹ̀ máa da irorẹ́ bò mí lójú. Ara mi ò sì gba edé, ṣé kò ní bá mi jà? Mo tún rí ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń se koríko òkun fúnra ẹ̀ tó ń fi omi ẹ̀ pa ojú, ṣé kí n kúkú máa ṣe tèmi nílé ni?"

Àbúrò mi, jẹ́ n kọ́kọ́ fi ọkàn ẹ balẹ̀. Koríko òkun inú serum kì í sábà ṣe èèyàn ní jàǹbá, ojú ẹ tiẹ̀ lè gbádùn ẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ tó máa ṣe fún ẹ àti iṣẹ́ tí wọ́n kọ sára ìgò yẹn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Pípo ìpara ni iṣẹ́ mi, irú àwọn omi koríko yìí ń kọjá lọ́wọ́ mi dáadáa, torí náà ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, má bínú.

Nǹkan tí wọ́n ń pè ní koríko òkun yẹn kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Àwọn búráùn wà, àwọn pupa wà, àwọn aláwọ̀ ewé wà, wọn ò sì bára wọn tan bó o ṣe rò, kódà àwọn búráùn yẹn kì í ṣe ewéko rárá lójú àwọn onísáyẹ́ǹsì, ìdílé tiwọn wà lọ́tọ̀. Nínú àwọn búráùn la ti ń rí alginate àti fucoidan, nínú àwọn pupa la ti ń rí carrageenan àti agar, irú ṣúgà kan ni gbogbo wọn. Àwọn tín-tìn-tín tí ojú lásán ò lè rí náà wà níbẹ̀, bíi chlorella, àti spirulina tó jẹ́ pé bakitéríà lòun gan-an, wọ́n kàn ń kà á mọ́ wọn ni. Ká tó wá dé inú omi tí kò níyọ̀, níbi tí òṣíbàtà àti lotus wà, àwọn yẹn ewéko gidi ni, wọ́n ní gbòǹgbò, wọ́n ń yọ òdòdó. Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú ìpara, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní marine nǹkan kan, títí kan èyí tí kò fojú kan òkun rí láyé ẹ̀.

Torí ẹ̀, yí ìgò yẹn padà kó o ka ẹ̀yìn ẹ̀. Tó o bá rí Fucus Vesiculosus Extract, tàbí Laminaria Digitata Extract, tàbí Chondrus Crispus Extract, ó dáa, wọ́n ti sọ ẹni tí wọ́n mú wá fún ẹ. Tó bá jẹ́ Algae Extract nìkan ni wọ́n kọ, wọn ò rú òfin o, orúkọ yẹn wà lára orúkọ èròjà tí wọ́n fọwọ́ sí, àmọ́ ṣé búráùn ni àbí pupa, ṣé fucoidan ló wà níbẹ̀ àbí nǹkan míì, ìwọ ò mọ̀, èmi náà ò mọ̀. Mi ò kì í fi bẹ́ẹ̀ ka irú ẹ̀ kún.

Jẹ́ ká mú Fucus vesiculosus yẹn, torí òun ló rọrùn jù láti fi ṣàlàyé. Ara àpáta etí òkun Àtìláńtíìkì lápá àríwá ló máa ń lẹ̀ mọ́, ewé ẹ̀ ní àwọn kókó roboto tí afẹ́fẹ́ kún inú wọn, ìyẹn ló ń gbé e léfòó tí omi bá kún. Tí omi òkun bá fà sẹ́yìn, orí àpáta ló máa wà fún wákàtí mélòó kan, oòrùn ń pa á, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ, iyọ̀ ń gbẹ mọ́ ọn lára, síbẹ̀ kò ní kú, tí omi bá ti padà dé báyìí ó máa fà á mu, ó máa rọ̀ padà. Tó o bá fọwọ́ kàn án ó ń yọ̀ bọ̀rọ́. Yíyọ̀ yẹn gan-an là ń wá. Àwọn ṣúgà gígùn gbọọrọ ni, wọ́n so mọ́ra wọn, wọ́n ń di omi mú kó má tètè lọ. Ní fákítìrì, wọ́n á fọ iyanrìn àti iyọ̀ kúrò lára ẹ̀, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi tàbí glísírìnì, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi preservative sí i kó má bàa bàjẹ́, ohun tó máa wá dé ọwọ́ àwa tá à ń po nǹkan ni omi rúsúrúsú kan tó ń rùn díẹ̀, òórùn etí òkun gan-an, ìdí nìyẹn tí lọ́fínńdà kì í fi í jìnnà sí àwọn ìpara yìí.

Ibi tọ́rọ̀ wà rèé. Lọ́dún 2000, àwọn olùwádìí méjì, Bos àti Meinardi, kọ nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ wa wá ń tẹ̀ lé, pé nǹkan tí ìwọ̀n ẹ̀ bá ti ju 500 Dalton lọ (Dalton ni wọ́n fi ń wọn bí èròjà tín-tìn-tín ṣe wúwo tó), ó ṣòro kó tó lè gba inú awọ ara tó péye kọjá. Alginate, fucoidan, carrageenan, ìwọ̀n tiwọn máa ń tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún Dalton dáadáa. Wọn ò ráyè wọlé. Ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, orí awọ ara làwọn ṣúgà yìí náà ń lékè sí, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ tún nǹkan ṣe láti inú wá nígbà tí wọn ò dé inú.

Má wá rò pé mò ń bú wọn o, orí yẹn gan-an ni iṣẹ́ wọn wà. Tí serum yẹn bá gbẹ lójú ẹ, ó máa fi nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sílẹ̀ tó ń di omi mú, tí kì í jẹ́ kí omi ara ẹ tètè gbẹ lọ, ojú á rọ̀, á máa dán, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó jẹ́ pé gbígbẹ ló fà wọ́n á sì rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n máa ń yà fọ́tò tí wọ́n á kọ "ìhunjọ ti lọ" sí i. Tó o bá fọ ojú, wọ́n ti padà dé. Ìhunjọ tó jẹ́ pé oòrùn àti ọjọ́ orí ló gbẹ́ ẹ, ìyẹn ò gbọ́ èdè koríko òkun. Àmọ́ ẹni tí ojú ẹ̀ máa ń gbẹ tó máa ń fún pinpin lẹ́yìn tó bá fọ ọ́ tán, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé á rí ìyàtọ̀.

Tó o bá fẹ́ fojú ara ẹ rí i bí ṣúgà yìí ṣe ń di omi mú, wo mask oníyẹ̀fun yẹn, èyí tí wọ́n ń po mọ́ omi, tó ń di rọ́bà lójú, tí wọ́n á wá ṣí i kúrò lódindi. Alginate nìyẹn, pẹ̀lú calcium sulfate. Kí omi ti kàn án báyìí, calcium á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, á máa so àwọn ṣúgà yẹn pọ̀ mọ́ra, ìṣẹ́jú mélòó kan ló ti le, òun náà làwọn dókítà eléyín fi ń mú àpẹẹrẹ eyín lẹ́nu èèyàn. Kì í ṣe nǹkan tuntun, àtọdún 1881 ni Edward Stanford, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Britain, ti yọ ọ́ jáde nínú koríko òkun. Bó ṣe wà lójú ẹ yẹn, omi ò ráyè fẹ́ lọ, tí serum bá sì wà lábẹ́ ẹ̀, serum náà á wọlé díẹ̀ sí i. Ojú á tutù, á jọ̀lọ̀. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti tán. Mo fẹ́ràn ẹ̀ fún ẹni tó ń lọ òde, kì í ṣe fún ẹni tó ń wá ìwòsàn.

Ṣé kò wá sí nǹkan míì nínú ẹ̀ ju ṣúgà lọ ni? Ó wà. Phlorotannin, irú tannin kan, wà nínú àwọn búráùn, mycosporine tó ń gba oòrùn sára wà nínú àwọn pupa kan, astaxanthin náà wà, èròjà pupa kan tí wọ́n ń rí nínú Haematococcus pluvialis, ọ̀kan lára àwọn tín-tìn-tín yẹn. Èyí yẹn dùn ún wò: aláwọ̀ ewé ni, àmọ́ àwọn tó ń sìn ín á mọ̀ọ́mọ̀ febi pa á, wọ́n á tan iná tó le sí i, ìnira yẹn ló máa jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tó bá ti pọ́n dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n á kó o. Pupa ẹ̀ le débi pé kékeré báyìí ti ń yí àwọ̀ ìpara padà, torí náà tí wọ́n bá ní astaxanthin pọ̀ nínú ìpara kan tó sì funfun nini, ìwọ náà bi ara ẹ léèrè.

Ìwádìí tó dáa wà pẹ̀lú. Ní 2002, àwọn olùwádìí kan ní Japan tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn fi jẹ́ẹ̀lì tó ní 1% Fucus vesiculosus extract pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn èèyàn, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 5, wọ́n wá fi ẹ̀rọ wọn ibẹ̀, wọ́n rí i pé awọ ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́ díẹ̀ sí i (ọjọ́ orí máa ń mú kí awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ nípọn) àti pé tí wọ́n bá fà á, ó ń padà sípò dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mi ò yọ ṣùtì sí i, iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ fífà àti pípadà sípò ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe pé ìhunjọ pòórá, wọ́n sì ń pa á lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láìfo ọjọ́ kankan.

Ti 1% yẹn ṣe pàtàkì, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rẹ́ni jẹ. Tí wọ́n bá sọ fún ẹ pé 2% extract wà nínú serum, omi àti glísírìnì ló pọ̀ jù nínú extract yẹn, kó jẹ́ pé 1% péré ni ohun tó wá látara koríko gan-an nínú ẹ̀, kì í ṣe nǹkan tuntun. Ìdá 1% nínú 2%, 0.02% ló kù. Nínú ìgò oní-30 ml, mílígíráàmù 6 nìyẹn. O rí i báyìí? Kò sí irọ́ nínú ohun tí wọ́n kọ, 2% extract wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ọgbọ́n kan wà tó o lè fi mọ̀ ọ́n láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin Europe, ìyẹn Regulation 1223/2009, sọ pé èyí tó bá pọ̀ jù ni kí wọ́n kọ ṣáájú, wọ́n á máa kọ ọ́ wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé orí àwọn tí kò tó 1%, láti ibẹ̀ lọ wọ́n lè tò ó bó bá ṣe wù wọ́n. Òfin yẹn kan náà ò gbà kí phenoxyethanol, preservative kan tó wọ́pọ̀ gan-an, ju 1% lọ. Torí náà wá phenoxyethanol lẹ́yìn ìgò ẹ: gbogbo ohun tó bá wà lẹ́yìn ẹ̀, àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ pé wọn ò ju 1% lọ. Tí koríko òkun tí wọ́n yà gàdàgbà síwájú bá wà lẹ́yìn phenoxyethanol, tó wà lẹ́yìn lọ́fínńdà pàápàá, o ti mọ iye tó o rà. Tó o bá sì rí Sodium Alginate tàbí Carrageenan níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé kí serum lè ki ni wọ́n ṣe fi sí i.

Àmì dúdú wá ńkọ́. Nǹkan tí wọ́n ń gbé lé lórí ni pé phlorotannin àti àwọn èròjà bẹ́ẹ̀ máa ń dí tyrosinase lọ́wọ́, tyrosinase yẹn ló wà nídìí àwọ̀ dúdú tí ara wa ń ṣe. Òótọ́ ni, nínú ìgò ìdánwò. Àmọ́ ṣé o mọ ibi tí wọ́n ti sábà ń rí tyrosinase tí wọ́n fi ń dán an wò? Ara olú. Olú tó ń hù nílẹ̀ yẹn o! Ti olú àti ti èèyàn ò rí bákan náà, ọ̀pọ̀ nǹkan tó bá ti olú wí ni kò rí ti èèyàn mú. Torí náà má retí púpọ̀ níbẹ̀, àmì dúdú tó o fi sunscreen dáàbò bò lójoojúmọ́ máa ṣí ju èyí tó o fi koríko òkun pa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni o, mycosporine inú àwọn koríko pupa yẹn ń gba ìtànṣán oòrùn sára lóòótọ́, ohun tó ń dáàbò bo koríko yẹn náà nìyẹn nígbà tí omi bá fà, àmọ́ kò rọ́pò sunscreen, má jẹ́ kí wọ́n tà á fún ẹ bẹ́ẹ̀.

Ibí ni mo ti fẹ́ kó o gbọ́ mi dáadáa. Tó o bá pa ìpara koríko òkun kan, tó wá jẹ́ pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì gbogbo àmì dúdú ti ń pa rẹ́, ojú ti ń mọ́ roro, má jó, má yọ̀, kì í ṣe koríko ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ hydroquinone tí wọ́n fi ń bóra, tàbí steroid bíi clobetasol, tàbí mercury tí wọn ò kọ síbẹ̀. Steroid máa sọ awọ ojú di fẹ́lẹ́ títí iṣan á fi máa hàn, ọjọ́ tó o bá sì dáwọ́ ẹ̀ dúró ojú á pọ́n, á máa ta ẹ́. Mercury, kíndìnrín ló ń bà jẹ́. Tó o bá rí calomel, mercurous chloride tàbí ammoniated mercury lára lébẹ̀lì, mercury náà ni gbogbo wọn, má fi kan ara. Orúkọ ewéko ni wọ́n sábà ń fi bo irú nǹkan báyìí mọ́lẹ̀, torí tí wọ́n bá ti ní ewé ni, ọkàn wa á balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ, kò parọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Ẹni tó ń jẹ iodine àjẹjù, irorẹ́ lè sọ ọ́ lóòótọ́, wọ́n ti mọ ìyẹn tipẹ́. Àmọ́ jíjẹ nìyẹn. Mílígíráàmù 6 tá a ṣírò yẹn, nínú ìgò tó o máa lò fún oṣù méjì mẹ́ta, mélòó ni iodine inú ẹ̀ tó fi máa dá nǹkan sílẹ̀? Lísìtì kan tún wà tó ń káàkiri tó fún algae extract ní 5 nínú 5, pé ó ń dí ihò ara. Ìdánwò etí ehoro ni irú lísìtì yẹn ti wá: wọ́n á pa èròjà náà sínú etí ehoro, wọ́n á máa wo ihò ibẹ̀ bóyá ó ń dí. Àwọn olùwádìí méjì, Kligman àti Mills, lo irú ẹ̀ ní 1972 nígbà tí wọ́n ń kọ̀wé lórí irorẹ́ tí ìpara ń fà. Ó wúlò nígbà yẹn, àmọ́ etí ehoro tètè ń dí ju ojú èèyàn lọ. Pa serum yẹn sábẹ́ àgbọ̀n lápá kan fún ọ̀sẹ̀ méjì kó o tó gbé e dé gbogbo ojú, ojú tìẹ ló mọ̀ jù lísìtì lọ. Tí irorẹ́ bá sì sọ ẹ́, á sàn kó o fura sí òróró àti lọ́fínńdà inú ẹ̀ kó o tó fura sí koríko.

Ti edé: ohun tó sábà ń bá àwọn tí ara wọn ò gba edé jà ni prótéìnì kan tó ń jẹ́ tropomyosin, kì í ṣe iodine, koríko òkun ò sì ní tropomyosin edé. Ohun tó yẹ kó o máa wò lára lébẹ̀lì ni chitosan, torí èèpo edé àti akàn ni wọ́n ti sábà ń ṣe é, àwọn tó bá sì ti ń kọ marine síwájú fẹ́ràn àtimáa dà á pọ̀. Tó bá jẹ́ pé edé ti gbé ẹ dé ọsibítù rí, fi han dókítà ẹ kó o tó lò ó.

Èyí tó o fẹ́ máa sè nílé yẹn, jọ̀ọ́, jẹ́ kó dúró. Omi koríko sísè ní ṣúgà, ó ní iyọ̀, ó ní prótéìnì, oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni fún kòkòrò, kò ní preservative, bakitéríà bíi Pseudomonas lè ti kún inú ẹ̀ kí èbu tó hàn lójú, ẹ̀gbẹ́ ojú lo sì fẹ́ máa pa á sí. Firíìjì máa fa ọwọ́ ẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ ni, kò ní pa á. Ìyẹn tún kéré sí ọ̀rọ̀ ibi tó ti wá. Nǹkan inú omi máa ń fa ohun tó wà nínú omi yẹn sára. Ojúoró gan-an wà lára àwọn tí wọ́n ń lò láti fi fa àwọn irin olóró kúrò nínú omi ìdọ̀tí, ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n dà sódò ló máa wà lára ẹ̀. Sargassum náà, koríko búráùn tó ń ya wọ etíkun Àtìláńtíìkì rẹpẹtẹ láti 2011, arsenic máa ń wà lára ẹ̀ dáadáa, mo sì ti ń rí àwọn tó ń ṣà á létí omi láti fi po nǹkan. Àwọn tó ń tà á fún wa máa ń fi ìwé àyẹ̀wò tì í, tó sọ iye arsenic, lead, cadmium àti mercury tó wà nínú ẹ̀. Ìkòkò ilé ò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Tó bá wù ẹ́ ṣá, ra ìyẹ̀fun gbígbẹ tó ní ìwé àyẹ̀wò, po ìwọ̀nba tó o fẹ́ lò lẹ́ẹ̀kan, fọ̀ ọ́ kúrò lójú tó bá yá, kó o da èyí tó kù nù.

Ẹni tó bá ní gẹ̀gẹ̀ tàbí tó ń lo oògùn thyroid, tàbí tó lóyún, serum ojú kì í ṣe wàhálà, ṣùgbọ́n kó má lọ máa wé gbogbo ara pẹ̀lú koríko òkun lemọ́lemọ́ láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà, kó má sì gbé kelp oníhóró (kelp ni àwọn koríko òkun búráùn ńlá) mì rárá láìgbàṣẹ. Microgram 150 iodine ni àgbàlagbà nílò lójúmọ́, gíráàmù kan kelp gbígbẹ lè ní ju 1,000 lọ.

Bó o ṣe máa lò ó: fọ ojú, má nù ún gbẹ tán, pa serum yẹn sí i nígbà tó ṣì tutù, kó o wá pa ìpara tó lóròóró díẹ̀ lé e lórí kí omi tó dì mú yẹn má bàa bá atẹ́gùn lọ. Láàárọ̀, sunscreen ló máa kẹ́yìn. Wo ara ìgò náà fún àwòrán agolo kékeré tó ṣí lórí, tí wọ́n kọ 6M tàbí 12M sínú ẹ̀, iye oṣù tó lè lò lẹ́yìn tó o bá ṣí i nìyẹn. Tó o bá ráyè, ya ẹ̀yìn ìgò yẹn ránṣẹ́ sí mi, orúkọ èròjà mẹ́wàá àkọ́kọ́ ti tó, màá sọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ẹ.